Ọkọ̀ Tí Apá Wa Ká

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Ìgbógbó wá sí ilé wa lálẹ́, ó sì gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ kí n wo àwòrán ọkọ̀ mẹ́rìnlá tó ti kó jọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti fọwọ́ sí ẹ̀yáwó fún un, owó náà yóò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ìparí oṣù. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èwo ló dára jù nínú wọn?” Mi ò tíì dá a lóhùn lórí ìyẹn. Mo bi í léèrè ọ̀nà tó máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́, mo bi í léèrè ẹni tí yóò máa bá a tún ọkọ̀ náà ṣe, mo sì bi í léèrè iye tí yóò kù sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì tó bá ra ọkọ̀ tán. Ó dáhùn méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò rí ìkẹta dáhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ohun tí mo mọ̀ yìí, nítorí ó dá mi lójú pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn ní Ìkòròdú.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá a lè ra nǹkan, ohun tí a máa ń béèrè ni pé ṣé apá wa ká a. Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju iye owó lọ, nítorí ohun tí apá ká ni ohun tí ènìyàn lè gbé nílẹ̀, tó sì lè gbé rìn títí dé ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wa lè ra ọkọ̀ kí apá wa má sì ká a. Èmi náà ti wà nínú wọn rí. Ní ọdún 2016, mo ra Camry kan, irú èyí tí Toyota ṣe láti 2002 sí 2006 tí a ń pè ní Big Daddy. 1,100,000 náírà ni mo san, iye tó sì kù sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kò tó 20,000. Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ wò ó, ẹni tó ń tà á ti wakọ̀ náà yíká àdúgbò kí n tó dé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbóná dáadáa, ó sì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò ní àrùn kankan lára. Mi ò mú mẹkáníìkì dání. Ní oṣù kejì, jíà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní Máìlì 12, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké, ọkọ̀ kò sì ní fẹ́ẹ́ lọ. Oṣù méje gbáko ni ọkọ̀ yẹn fi dúró níwájú ilé wa tí eruku bò ó, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fi ìka kọ orúkọ wọn sára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yọ owó ẹ̀yáwó rẹ̀ nínú owó oṣù mi lóṣooṣù. Mo ń wọ dánfó lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń san gbèsè ọkọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń pín owó ọkọ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin kí n tó wo àwòrán kankan. Ìdá mẹ́ta ni a óò fi ra ọkọ̀, ìdá kan yóò sì wà nílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́ta ni kó wá. Ìdá tó kù yìí kì í ṣe owó ìfura lásán, nítorí oṣù àkọ́kọ́ ni yóò gba púpọ̀ nínú rẹ̀: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà, epo jíà, bátìrì, táyà méjì ó kéré tán, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, páàdì bíréèkì, àti ìwé ọkọ̀ tí a ní láti yí sí orúkọ ẹni. Kò sí àlòkù kan tí mo mọ̀ tí kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ olówó rẹ̀ tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá ń ta ọkọ̀ ti mọ̀ pé òun fẹ́ tà á láti bí oṣù mélòó kan, kò sì sí ẹni tí í ra táyà tuntun fún ọkọ̀ tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, nítorí òun ni mo kọ́kọ́ bi àbúrò mi. Láti Ìgbógbó, yóò já sí gáréèjì Ìkòròdú, yóò gba Sábó kọjá, yóò sì lọ sí Odógunyàn níbi tí iléeṣẹ́ wọn wà. Ìrìn náà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó kún fún kòtò, àwọn tírélà tó ń bọ̀ láti Ṣágámù ń há ọ̀nà mọ́ ènìyàn, nígbà òjò omi a sì máa bo ibi tí kòtò wà. Ọkọ̀ tó bá sún mọ́ ilẹ̀ jù yóò fi ikùn wọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ wọ́n, tí a kò sì rí i rà nítòsí, yóò sọ ọ́ di oníbàárà àwọn mẹkáníìkì títí ayé. Kò nílò agbára ẹ́ńjìnnì ńlá, nítorí kò sí ibi tí yóò ti lò ó. Ẹni tó ń gba Máìlì 12 àti Kétu lọ sí Erékùṣù Èkó ní tirẹ̀ yóò máa lo wákàtí púpọ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ohun tí yóò sì pa ọkọ̀ rẹ̀ ni ooru: rédíétọ̀ tó ti dí, fáànù tí kò yí dáadáa, àti jíà tí epo inú rẹ̀ ti jóná. Ọ̀nà méjèèjì kò béèrè ohun kan náà lára ọkọ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ fi òótọ́ yìí kún un: ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju Ìkòròdú sí Kétu lọ, tí kò kó ọmọ, tí kò sì rù ẹrù, yóò rí i pé ọkọ̀ akérò BRT tó ti ń ná ọ̀nà náà láti 2015 lè dín ìnáwó rẹ̀ kù ju ọkọ̀ ara ẹni lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ló nílò ọkọ̀.

Epo náà wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ìwọ̀n epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu ti di ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fojú rénà. Ẹ jẹ́ kí a fi méjì wéra. Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà máa ń gbé jáde, Corolla ọdún 2004 tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 ń mu bíi lítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án fún 100 kìlómítà, Camry V6 (oní-sílíńdà mẹ́fà) ọdún kan náà sì ń mu bíi lítà mọ́kànlá. Nínú gosiló tiwa, méjèèjì yóò mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, àlàfo àárín wọn yóò sì máa fẹ̀ sí i ni. V6 ni Camry mi, mi ò sì mọ̀ títí mo fi san owó rẹ̀ tán. Bẹ́líìtì ni ó fi ń yí táímù rẹ̀, èyí tó ní láti gba ìpààrọ̀ lásìkò tirẹ̀; ti Corolla jẹ́ ṣéènì, èyí tí kò ní ọjọ́ ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nípa irú ọkọ̀ tí ènìyàn lè rà, mo fẹ́ sọ èrò mi láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ọkọ̀ tuntun, tí a ń pè ní tíà rọ́bà, dára, ó sì dùn mọ́ mi pé Innoson ń tò ó ní Nnewi, àti pé àwọn ọkọ̀ kékeré bíi Suzuki S-Presso wà lọ́jà tí kì í mu epo púpọ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó pọ̀ jù, àfi bí iléeṣẹ́ rẹ̀ bá ń bá a san án fún ọdún mélòó kan. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀.

Ó ku tòkunbọ̀ àti àlòkù ilé. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé ni Tòkunbọ̀, àwọn baba wa kò sì lè rí orúkọ tó bá àwọn ọkọ̀ yìí mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a mọ̀ pé ó ti ibì kan wá, a kò sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n rà ní ibi gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, irú ti Copart àti IAA, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ti ń ta ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá tàbí tí omi bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìjì Harvey kọlu Houston ní oṣù Kẹjọ 2017, omi gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ mì níbẹ̀. Ọkọ̀ tí omi wọ inú rẹ̀ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Wáyà rẹ̀ ni í máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, títí iná kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn láìnídìí. Ní oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ fún ọjà láti dá iye rẹ̀ mọ̀, owó tòkunbọ̀ fò sókè kíákíá, nítorí owó dọ́là ni a fi ń rà á, iye dọ́là náà ni Kọ́sítọ́ọ̀mù sì fi ń ṣírò owó ibodè rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tó bá fàáké kọ́rí pé tòkunbọ̀ lòun yóò rà, tòkunbọ̀ tó burú jù ní ìsọ̀ ni yóò kàn án.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ àlòkù ilé, bí a bá mọ ẹni tó lò ó. Ọkọ̀ tí olùkọ́ kan tàbí nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò wa ti lò fún ọdún mẹ́fà, tí mẹkáníìkì rẹ̀ ṣì wà ní ibi tí a ti lè bi í léèrè ọ̀rọ̀, ní ìtàn tí a lè tọ pinpin. Ó ti rí kòtò wa, ó ti mu epo wa, ohun tó bá fẹ́ bàjẹ́ lára rẹ̀ ti fi ara hàn. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra fún ọkọ̀ tí wọ́n ti fi ṣe kábú-kábú tàbí èyí tí àwọn èrò ń fi fóònù pè, nítorí irú rẹ̀ ti rin ìrìn ọdún mẹ́wàá láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹ wo ìjókòó ẹ̀yìn. Nínú ọkọ̀ ara ẹni, ìjókòó awakọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Níbi tí ti ẹ̀yìn bá ti gbó tó tiwájú, èrò ti jókòó síbẹ̀ púpọ̀.

Orúkọ ọkọ̀ kò tó láti fi gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé Toyota kì í bàjẹ́, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 tó wà nínú Camry 2007 sí 2009 lókìkí fún jíjẹ ọ́ìlì, débi pé Toyota fúnra rẹ̀ tún ọ̀pọ̀ ṣe fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Jíà Honda Accord V6 ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 náà ní ìṣòro tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀. Nítorí náà, mẹkáníìkì tí yóò máa tún un ṣe ni kí ẹ bi léèrè kí ẹ tó mú orúkọ kankan. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, tí ẹ̀yà rẹ̀ sì pọ̀ ní Owódé Onírin àti Ládípọ̀, ni yóò rọrùn fún ẹ láti gbé rìn.

Bí ẹ bá ti rí ọkọ̀ tó wù yín, nọ́ńbà ṣaṣí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, a kì í sì rí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: 1, 4 tàbí 5 jẹ́ Amẹ́ríkà, 2 jẹ́ Kánádà, J jẹ́ Japan, W jẹ́ Jámánì. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀: láti 2001 sí 2009, nọ́ńbà 1 sí 9 ni wọ́n lò; 2010 di A, 2011 di B, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni kan bá ní ọkọ̀ òun jẹ́ 2008, tí ìkẹwàá sì jẹ́ 5, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ẹ lè san owó díẹ̀ fún Carfax, iléeṣẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ ìtàn ọkọ̀ jọ, láti mọ̀ bóyá ó ti ní ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ẹ bá dé ìdí ọkọ̀, ẹ wò ó pé nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú bá èyí tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ mu, kó sì bá ti inú ìwé mu, lẹ́tà fún lẹ́tà.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ wo ọkọ̀. Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó má tàn án kí ẹ tó dé, bí ẹ bá sì dé, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ sì dúró kó tutù tàbí kí ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ́ńjìnnì tó tutù kò lè parọ́. Kí ẹ tó tàn án, ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde, kí ẹ sì tú ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí mílíìkì tó pò mọ́ ọ́ìlì, omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ wo epo jíà náà nínú àwọn ọkọ̀ tó ní ọ̀pá rẹ̀: ó yẹ kó pupa, bó bá ti di dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, irú ọjọ́ tí mo rí ní Máìlì 12 ń bọ̀ fún yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé àárín, kí ẹ má tíì tàn án. Gbogbo iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹ kó tàn, títí kan iná ẹ́ńjìnnì àti ti báàgì afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá jí. Bí iná ẹ́ńjìnnì kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí ó ti já wáyà rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí oore. Nígbà tí ọkọ̀ bá jí, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn kó wo èéfín: èyí tó ní àwọ̀ búlúù jẹ́ ọ́ìlì tó ń jóná, èyí tó dúdú jẹ́ epo tó pọ̀ jù, èyí tó funfun tó sì nípọn tí kò lọ lẹ́yìn ìgbà tí ọkọ̀ ti gbóná jẹ́ omi. Ooru funfun díẹ̀ ní òwúrọ̀ kò ní wàhálà nínú. Ẹ jẹ́ kí ríwáyà yín, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, so skánà mọ́ ọn, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti kọ sílẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ibi tí a ti ń so ó. Àwọn kan a máa pa àkọsílẹ̀ àṣìṣe ọkọ̀ rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀, ṣùgbọ́n skánà tó dára yóò fi hàn pé ọkọ̀ náà kò tíì parí àyẹ̀wò tó máa ń ṣe fún ara rẹ̀, èyí sì ń fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á rẹ́ ni.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń fọ ọkọ̀ kì í rántí, ibẹ̀ náà sì ni ẹrẹ̀ àkúnya omi máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ sókè, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ wo ìdí bóòtù tó di ìjókòó mú bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ wo gbogbo bóòtù bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ti fẹ́ńdà. Bí ọ̀dà orí wọn bá ti hó, ẹnì kan ti tú wọn rí. Ẹ wo táyà: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkọlé DOT ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, bóyá kátálíìsì, èyí tó ń sọ èéfín ọkọ̀ di mímọ́, ṣì wà níbẹ̀, nítorí ẹ ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń rà á kiri àdúgbò. Ẹ má gba máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́ lójú lásán. Ẹ fi wé rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì àti sitiárìn. Ọkọ̀ tó sọ pé òun rin 60,000 máìlì, tí rọ́bà bíréèkì rẹ̀ sì ti jẹ dé irin, ń sọ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹ sì rántí pé máìlì ni ti Amẹ́ríkà, kì í ṣe kìlómítà: 60,000 máìlì lé ní 96,000 kìlómítà.

Ìgbà náà ni kí ẹ wà á fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi jíà sí R, kí ẹ fi sí D. Ó yẹ kó mú un lójú ẹsẹ̀, láìfi ara gbọ̀n. Ẹ gbà á gba ibi tí kò dán, kí ẹ pa rédíò, kí ẹ fetí sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọ inú gosiló pẹ̀lú ẹ́síì ní títàn, kí ẹ máa wo ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Bó bá kọjá àárín, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì gbọ́ kí alágbàtà kankan sọ, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn gidigidi. Báàgì afẹ́fẹ́ tí iléeṣẹ́ Takata ṣe wà nínú àìmọye ọkọ̀ tí a ń lò níhìn-ín, títí kan ọ̀pọ̀ Corolla àti Accord tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 2000. Èròjà tó ń fẹ́ báàgì náà, ammonium nitrate, máa ń bàjẹ́ bó bá pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, bó bá sì bú gbàù nígbà ìjàǹbá, ìkòkò irin tó wà nínú rẹ̀ lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ kó sì fò lu ẹni tó jókòó síwájú. Àwọn ènìyàn ti kú nípasẹ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, báàgì tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn mú wá fún ìpààrọ̀ tó mílíọ̀nù 67, èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn wọn, àwọn ìpínlẹ̀ tó gbóná tó sì ní ọ̀rinrin bíi Florida ni wọ́n sì kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ̀yin tó ń gbé etí ọ̀sà níhìn-ín, ẹ mọ irú ooru àti ọ̀rinrin tí a wà nínú rẹ̀. Àjọ NHTSA ti ìjọba Amẹ́ríkà ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn lè fi nọ́ńbà ṣaṣí wò lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì sọ bóyá wọ́n ti tún ti ọkọ̀ náà ṣe tàbí wọn kò tíì ṣe é. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, mo gba yín nímọ̀ràn láti wá ọkọ̀ mìíràn, àní bó bá dín ní 300,000 náírà.

Nípa ìwé, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi àgbò fún eégún, a máa ń jọ̀wọ́ okùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta ọkọ̀ tí kò fẹ́ jọ̀wọ́ ìwé rẹ̀ kò tíì ta ọkọ̀. Ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ jẹ́ tirẹ̀, ìwé àṣẹ ọkọ̀, ìwé pé ọkọ̀ yẹ ní ojú pópó, ìwé adójútòfò àti ìwé owó ibodè ni kí ẹ rí pẹ̀lú ojú yín, kì í ṣe nínú àwòrán fóònù. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ti ibodè. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ojú ilẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ tó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Kùtọnu lẹ́yìn ọjọ́ náà jẹ́ ọkọ̀ fàyàwọ́, Kọ́sítọ́ọ̀mù sì lè gbà á lọ́wọ́ yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó yín gan-an lẹ fi rà á. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí, kí ẹ gba ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yí orúkọ orí ìwé padà sí tiyín láìjáfara. Adójútòfò ẹni-kẹta fún ọkọ̀ ara ẹni ti kúrò ní 5,000 náírà, ó di 15,000 láti oṣù Kìíní 2023. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín ṣe é ní 3,000, ayédèrú ni yóò fún yín.

Ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà kò pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó hàn pé ọkọ̀ náà ti wọ̀ yín lójú. Ẹ mú ohun tí mẹkáníìkì rí kalẹ̀, kí ẹ ka iye tí yóò ná yín, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tó pè. Ẹ má san owó ìsánlẹ̀ fún ọkọ̀ tí ẹ kò tíì wà, alágbàtà ìbáà sọ fún yín pé èèyàn mẹ́ta mìíràn ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Àbúrò mi ti yọ mọ́kànlá kúrò nínú àwọn ọkọ̀ mẹ́rìnlá náà. Méjì nínú àwọn mẹ́ta tó kù, ẹni tó ń tà wọ́n kò fẹ́ fi nọ́ńbà ṣaṣí ránṣẹ́. Ìkẹta jẹ́ Corolla 2005 ti olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìmọ̀tà. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Takata rẹ̀ ti gba àtúnṣe kó tó kúrò ní Kánádà, epo jíà rẹ̀ sì pupa nínú àwòrán tó fi ránṣẹ́. Ọ̀dà ilẹ̀kùn kan ti hó, ẹ́síì rẹ̀ kò sì tutù tó. Lọ́jọ́ Sátidé, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, èmi, òun àti mẹkáníìkì wa yóò jọ lọ wò ó. Mo ti pe bàbá náà lórí fóònù, mo kí wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ má tíì tàn án títí a ó fi dé.